Inú Ló Ń Run Mí, Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Gba Káàdì

Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹsẹ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí tí n bá bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, màá tún wá nǹkan fi bò ó. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé, wọ́n le koko, mo lè sáré… àmọ́ láti bí oṣù mẹ́jọ báyìí, ẹni tó ń fi ọ̀pá tiro ni wọ́n mọ̀ mí sí ní Bariga, orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn akanda ẹ̀dá, mo sì ń gba ohun tí wọ́n ń fún wọn. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná. Tẹ́ ẹ bá kà á tán tẹ́ ẹ sì rí i pé èébú ló tọ́ sí mi, màá gbà á, mi ò ní fèsì.

Ará Ṣakí ni àwọn òbí mi, ìjọ onítẹ̀bọmi ni wọ́n tọ́ wa sí, àmọ́ Shomolu ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo wà títí di òní. Iṣẹ́ finishing ni mo kọ́ ní Bajulaiye. Tí ẹ̀rọ bá ti tẹ ìwé jáde tán, àwa la máa ká a, àwa la máa tò ó pọ̀, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó gé etí rẹ̀ kó dọ́gbà. Ọwọ́ mi yá gan-an nígbà yẹn. Tí ọdún bá ń lọ sópin tí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà bá pọ̀, wọ́n máa ń wá mi wá láti ilé ìtẹ̀wé mìíràn. Mi ò sọ ọ́ láti fọ́nnu o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ó tó ọdún mẹ́rin báyìí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo rò pé oúnjẹ ni. Inú rírun di ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru wá di ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé kí n yéé jẹ nǹkan dídùn, kí n máa mu àgbo. Mo mu àgbo títí ẹnu mi fi bó. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín tí kò sì sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí? Ẹ fi ojú inú wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Mo mọ gbogbo tọ́lẹ́ẹ̀tì tó wà láàrin ilé mi àti ibi iṣẹ́… ti ilé epo, ti ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n kì í ti géètì rẹ̀, ti ilé ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá tó máa ń bá mi ṣí ilẹ̀kùn láìbéèrè. Mi ò kì í jẹun àárọ̀ mọ́ kí n tó jáde. Mo fi aṣọ dúdú ṣe aṣọ iṣẹ́. Ẹ ó ti mọ ìdí tó fi jẹ́ dúdú.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé ètò ìsìnkú kan la ń tò, ẹni tó ni í ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo aago. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a ti ń ṣiṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni tọ́lẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò wà. Mo dìde… mi ò dé àtẹ̀gùn. Níwájú àwọn ọkùnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ, níwájú oníbàárà. Ọ̀gá mi kò pariwo mọ́ mi o, Ọlọ́run máa bù kún un, ó bọ́ ìró tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ fún mi, ó ní kí n lọ sinmi, pé òun á pè mí. Kò pè mí mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Èmi náà kò sì lè padà lọ bi í. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?

Dókítà obìnrin kan ló wá fi ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà wo inú mi, ó ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí rárá. Ulcerative colitis ló pè é. Ó ní egbò ló bo ìfun ńlá mi, pé ara mi fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun ọ̀hún jà, pé kì í lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn máa ń mú un dákẹ́. Oògùn náà wọ́n gógó! Oṣù tí a bá rí i rà, ènìyàn ni mí. Oṣù tí a ò bá rí i rà, ilé ni mo máa wà, lórí póò. Dókítà yìí ló sọ fún mi pé ètò ìrànwọ́ kan wà fún àwọn akanda ẹ̀dá (mi ò ní dárúkọ wọn), pé wọ́n máa ń fún wọn ní owó díẹ̀ lóṣooṣù, àti káàdì tí wọ́n lè fi gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ lẹ́tà fún mi, ojú ewé méjì, ó ní àìsàn tó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ báyìí, àìlera gidi ni, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì wọn tó wà lọ́dọ̀ wa ní Shomolu. Ọmọbìnrin kan ló wà nídìí fọ́ọ̀mù. Ojú, etí, ọwọ́, ẹsẹ̀, àfín, ọpọlọ… ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù nìyẹn. Kò sí inú. Ọmọ yẹn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Mummy, kí ló wá ṣe yín gan-an?” Mo ní inú ni. Ó ní ṣé mo lóyún ni. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín. Mo na lẹ́tà sí i, kò parí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní àìsàn nìyẹn, kì í ṣe akanda, pé kí n lọ tọ́jú ara mi, kí n wá dúpẹ́ pé ara mi pé. Ẹ ṣáà gbọ́, ara mi pé! Ìgbà yẹn gan-an ìgbẹ́ ti ń gbọ̀n mí, mo ń fún ìdí pọ̀ lórí àga, òógùn ń ṣàn lójú mi, ẹni tí ara rẹ̀ pé.

Nígbà tí mo délé, mo sunkún fún ọkọ mi. Ilé ìtẹ̀wé kan ni òun náà ti ń ṣiṣẹ́, operator tó ń tẹ ẹ̀rọ ni. Ó ti jábọ́ lórí ọ̀kadà rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá, ọ̀pá abẹ́ abíyá tó lò nígbà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Ó wo ọ̀pá náà, ó wò mí, ó ní, “Nǹkan tí ojú ń rí ni wọ́n fẹ́. Fún wọn ní nǹkan tí ojú ń rí.” A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni o, mo rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Lọ́jọ́ kejì ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi í rìn nínú yàrá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. A lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Abúlé Òkúta, ní Bariga lọ́hùn-ún, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ti ibẹ̀, níbi tí wọn ò ti mọ̀ mí. Wọ́n rí ọ̀pá, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n kọ “ẹsẹ̀”. Wọ́n ya fọ́tò mi. Lẹ́tà dókítà wà nínú báàgì mi ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń sọ òtítọ́ fún gbogbo ayé, kò rí ohun tí irọ́ ìdajì wákàtí rí gbà fún mi.

Oògùn yòówù tí dókítà bá kọ ni káàdì yẹn ń gbà, bí mo ṣe gba oògùn mi nìyẹn. Ẹ gbọ́, inú mi dákẹ́! Mo sun oorun láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Mo jẹ ẹ̀wà. Ọmọ mi, Ayọ̀, mo mú un lọ sí school fúnra mi, láti Bajulaiye títí dé Akoka, mi ò bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan láti wá tọ́lẹ́ẹ̀tì. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ìwé kíká wálé, mò ń ká a lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá jẹ́ ibi tó parí sí nìyẹn, bóyá mi ò ní kọ nǹkan kan síbí. Bóyá ẹ̀rí ọkàn mi ì bá ti sùn lọ.

Àmọ́ ẹni tó bá gba káàdì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akanda ẹ̀dá ti Bariga. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì la máa ń pàdé ní kíláàsì kan ní school alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá Sùkúrà ni alága wa. Wọ́n ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀ ní ìsọ̀ kékeré kan ní Abúlé Òkúta. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú wọn láti kékeré, ọ̀pá méjì ni wọ́n ń lò, apá wọn le bí apá ọkùnrin. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, wọ́n bèèrè ta ló lè kọ Yorùbá àti òyìnbó dáadáa, kò sẹ́ni tó nawọ́, ọwọ́ mi ló nà sókè… mi ò mọ ohun tó gbé e sókè. Bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn.

Ìyá Sùkúrà fẹ́ràn mi. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Wọ́n ní mi ò mọ ọ̀pá mú, pé abíyá mi á bó. Wọ́n fi fóòmù di orí rẹ̀ fún mi. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ṣíwájú tí mo bá ń gòkè, ọ̀pá ṣíwájú tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa gba orí pákó gọ́tà kọjá tí òjò bá rọ̀. Lọ́jọ́ kan nínú ìsọ̀ wọn, wọ́n ní kí n na ẹsẹ̀, wọ́n bu òrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra á láti orúnkún wálẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà sí i, wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ yìí kò tíì gbẹ o, Ìyá Ayọ̀. Ó ṣì gbóná. Ọlọ́run lè dá a padà fún ọ.” Mo ní àmín. Kí ni ǹ bá sọ? Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ̀yin ì bá sọ?

Ó tún ku kan. Bàbá kan wà, Bàbá Jímọ̀, ojú wọn ti fọ́. Shomolu níbí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé kí ojú wọn tó lọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wọn obìnrin fà wọ́n lọ́wọ́ wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbọ́ pé iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ gbà ní ẹkùn wa ti pé. Èmi akọ̀wé ni mo kọ ọ́ sí iwájú orúkọ wọn, “kò sí àyè”. Wọ́n ní kò burú, ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣe é. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù tó kọjá, oògùn kò dé. Wọ́n ní ká máa retí. Ọ̀sẹ̀ kejì, inú tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì lọ sí ìpàdé, torí ọwọ́ mi ni ìwé wà. Mo tètè dé, èmi àti Ìyá Sùkúrà nìkan la wà níbẹ̀, à ń to àga. Lójijì báyìí ó gbá mi mú! Ẹ̀yin ará, mi ò rántí ọ̀pá. Mi ò rántí irọ́ kankan. Mo fo àga kan, mo sá jáde, mo sá la pápá school yẹn kọjá bí ẹni tí ajá ń lé, ẹsẹ̀ méjèèjì, mo wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí omi nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì náà. Mo wà níbẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yà, mò ń gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tó yá mo gbọ́ ìró ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì, kò, kò, kò… díẹ̀díẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà. Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Ìyá Sùkúrà ló dúró. Wọ́n fi okùn búta omi kọ́ ọrùn, wọ́n di ọ̀pá mi mọ́ ọ̀kan nínú tiwọn. Wọ́n ní, “Omi rèé.” Wọ́n ní, “Ọ̀pá rẹ rèé.” Wọ́n yí padà. Wọ́n ṣe ìpàdé tán lọ́jọ́ yẹn, wọn ò wojú mi. Mo kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, mi ò lè ka ohun tí mo kọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo lọ bá wọn ní ìsọ̀. Mi ò mú ọ̀pá dání. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, mo mú lẹ́tà dókítà jáde. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo ń kà á, mò ń túmọ̀ rẹ̀, gbogbo bí mo ṣe ń yàgbẹ́ sára, gbogbo ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀, oníbàárà kan wọlé wá ra síìpù, wọ́n tà á fún un, wọ́n ní kí n máa kà á lọ. Mo kà á parí. Mo rò pé wọ́n máa lé mi.

Wọ́n ní, “Irọ́ tó o pa fún àwọn yẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kò gbọ́ òtítọ́ nígbà tó o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi, mo fi ọwọ́ ara mi ra ẹsẹ̀ yẹn. O jókòó síbí, o nà án fún mi.”

Mo ká lẹ́tà náà, mi ò dìde lórí orúnkún mi. 

Wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn tó ni ètò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti tún gbogbo wa wò, ẹnì kọ̀ọ̀kan, pé alága gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún oníkálukú. Wọ́n ní tí àwọn tó ń bọ̀ yẹn bá bi àwọn nípa ẹsẹ̀ mi, àwọn ò ní parọ́. Tí wọ́n bá bi àwọn bóyá mò ń ṣàìsàn, àwọn ò ní parọ́ ìyẹn náà. Wọ́n ní ó sàn kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi, pé tí mo bá máa sọ ọ́, àwọn á jókòó tì mí, àwọn á sì bi wọ́n ìdí tí inú kò fi sí lórí fọ́ọ̀mù wọn. Àmọ́ wọn ò ṣèlérí pé àwọn tó ń bọ̀ yẹn máa gbà o. Wọ́n ní kí n lọ rò ó.

Ọkọ mi ní mi ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ó ní ṣé àìsàn mi irọ́ ni? Ṣé mo ta oògùn tí wọ́n fún mi ni, àbí mo gbé e lo fún ohun mìíràn? Ó ní tí mo bá lọ jẹ́wọ́, wọ́n á gba káàdì, wọ́n lè fi ọlọ́pàá mú mi, ojú Bàbá Jímọ̀ kò sì ní tìtorí ẹ̀ là. Ó ní kí n má lọ rárá, pé ẹ̀gbọ́n òun á sọ fún wọn pé mo lọ sí Ṣakí, kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀. Ohun tó sì ń dà mí lọ́kàn rú ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn burúkú létí mi. Òun ló ń fọ aṣọ mi tí mo bá ba ara jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ sí mi rí lórí rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ló ń bà á pé kí n má padà sórí póò yẹn. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Tí wọ́n bá gba káàdì lọ́wọ́ mi, níbo la ti fẹ́ máa rí owó oògùn? Ṣé òtítọ́ ló máa tọ́jú ìfun mi ni? Àmọ́ tí mo bá dákẹ́, ta ló wà lórí àga tó yẹ kí Bàbá Jímọ̀ jókòó lé? Ṣé èmi tí mò ń ṣàìsàn gidi kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àga kankan ni? Àbí ẹ̀tọ́ téèyàn bá fi irọ́ gbà, ó ti di olè nìyẹn?

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dìde, tí mò ń jókòó. Mo ti ká lẹ́tà dókítà, mo tún tú u, ojú ibi tí mo ti ń ká a ti fẹ́ ya. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ṣé wọ́n lè tì mí mọ́lé? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú àìsàn yìí, kí lẹ ṣe? Ẹ̀yin akanda ẹ̀dá tẹ́ ẹ bá wà lójú ewé yìí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín jù… tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Ìyá Sùkúrà, ṣé ẹ lè jókòó tì mí lóòótọ́?

Ìyá Sùkúrà ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti ń kọ nǹkan yìí, mi ò gbé e. Fóònù tún ti ń dún báyìí, orúkọ wọn ló wà lójú rẹ̀, ọkọ mi sì jókòó sí ìkángun bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Kí n gbé e? Tí mo bá gbé e, kí ni kí n wí?